Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Munirat

Agége, Èkó.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Èmi ni mo fa àìsàn Munirat ọmọ yín, kì í ṣe Felix àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sọ ọ́, torí náà ẹ má bínú pé ìkíni ló kẹ́yìn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìjẹ̀bú? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Kí Ọlọ́run fún yín lókun láti ka ìwé yìí tán. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè mí lórí fóònù, àdúrà lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀: "Simbiat, o ò ní sunkún ọmọ." Tí mo bá ti ṣe àmín, ẹnu mi kì í là mọ́.

Ẹ mọ̀ pé oògùn ni mo ń tà nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀gbà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé mo máa ń fa omi sára àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn kọ́ńtà. Wọn kì í fẹ́ lọ sí ọsibítù, torí ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Dókítà ni wọ́n ń pè mí, èmi tí ìwé mi kò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, n kò sì bá wọn jiyàn.

Nígbà tí ibà mú Munirat, mo fa omi sí òun náà lára. Iṣan rẹ̀ kì í tètè hàn. Mo gún un, mo tún un gún, kí n tó rí ọ̀kan. Nítorí ìyẹn, n kò yọ abẹ́rẹ́ oníke tí omi ń gbà wọlé náà mọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́, kó padà wá gba omi kejì. Ó fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà bò ó níbi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, ẹ ti sọ ọwọ́ mi di ẹ̀rọ omi." Òógùn rin ín, ìdọ̀tí wọ ọ́. Ìgbà tí ọwọ́ náà wú, tí ọyún ń jáde, ni mo tó yọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún òtútù, mo ní ibà náà ló padà.

Ní ọsibítù, dókítà ní kòkòrò ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti lọ dó sára ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń mí gúlegúle. Oògùn líle ni wọn yóò máa fún un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà bá bàjẹ́, ó lè di pé wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà obìnrin náà ní bí àwọn bá mọ ibi tí kòkòrò gbà wọlé, á ran àwọn lọ́wọ́. "Ǹjẹ́ wọ́n fa omi sí i lára láìpẹ́ yìí?" Mo ní, "Rárá, Dókítà." Munirat wò mí, ó sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bo àṣírí mi.

Nígbà tí ẹ sì sọ pé mọ́ínmọ́ín tó jẹ nílé àwọn Felix ló fa àìsàn náà, pé wọ́n ti fi oògùn sí i, mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Èmi náà ni mo lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé a kò fẹ́ ẹ fún Munirat mọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró níta." Níta ọsibítù ló ṣì wà, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan.

Ojú ń tì mí láti ṣàdúrà, ṣùgbọ́n màá ṣe é. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwà mi di ẹkún yín. Kí Munirat fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá bá yín.

Èmi àbúrò yín tó ṣẹ̀ yín,
Simbiat.

Àfikún: Pẹ̀lú bí Munirat ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò dẹ́kun fífa omi sára àwọn òṣìṣẹ́. Olúwafúnkẹ́mi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ní irú abẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́ báyìí. Àná ni mo fi sí i. Mo ń pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ, n kò sì mọ ilé rẹ̀. Lọ́la, kí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ tó wọlé, màá ti dúró dè é lẹ́nu géètì. Màá mú un dání lọ sí ọsibítù kí nọ́ọ̀sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, màá pe Felix wọlé kó wá gbọ́, màá sì sọ òótọ́ fún dókítà lójú Munirat.