Igi Tó Ń Bá Olówó Gbé Èéfín Mì

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi, obìnrin tó ń jókòó lórí àga tó ń yí bírí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì yín kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Àwa ńlé wà, ooru ń fi wá ṣeré. Mo gbà á ládùúrà pé àkàbà tí o ń gùn níbi iṣẹ́ kò ní í yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wí, ogójì ọdún ni mo fi ṣe káfíńtà, mo ti rí ohun tí àkàbà ń fojú ọmọ èèyàn rí.

Òjò tó yẹ kó ti dé láti oṣù méjì sẹ́yìn kò dé. Nígbà tó wá máa dé, bí agbowó-orí ló ṣe dé, tìjìtìjì, tariwotariwo. Ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé, ó gbé e sọ sínú oko télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé dúkìá ìjọba ni. Télọ̀ ní kò burú, kí ìjọba wá máa san owó ilé. Àwọn adìẹ ìyá rẹ náà ti dáwọ́ ẹyin dúró nítorí ooru. Ìyá rẹ ní òun ò dá wọn lẹ́bi, pé tí ó bá jẹ́ òun ni, òun náà ò ní yé nǹkan kan. Mo ní ta ló ní kó yé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá rẹ. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì kan nílùú, ó wọ kóòtù nínú oòrùn, ó mú téèpù dání, ó sì wọn igi náà ní ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Bàbá Téèpù la sọ ọ́. Ó là mí lóye pé ayé ti ń gbóná jù, pé èéfín ló fà á, àti pé igi a máa gbé èéfín mì. Ó ní olówó kan wà lókè òkun tó ń wọ bàálù bí ìwọ ṣe ń wọ bàtà, èéfín rẹ̀ pọ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi, nítorí náà ó fẹ́ kí igi wa máa bá òun gbé e mì. Kí n ṣáà má gé e, kí n má sun ún, kí n má tilẹ̀ fọwọ́ tàbí irin kàn án fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Ó ní kò sí wàhálà, kí n kọ orúkọ àrólé mi sí i. Mo kọ tìrẹ. Kú oríire, ọmọ mi, o ti jogún igi. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí ìwé àdéhùn wọn, wọ́n sì fún mi ní fìlà kan àti fóònù kan, kí n máa fi ya igi náà ní fọ́tò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

O mọ̀ mí, n kì í gba nǹkan ẹni kí n má ṣiṣẹ́ fún un. Láràárọ̀ ni mò ń yẹ ewé igi náà wò bóyá èéfín olówó ti dé. N kò rí ohun dúdú kankan lára rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo rò ó pé bóyá èéfín ìdáná ìyá rẹ ló ń mú igi náà yó kí ti ẹni tó ni ín tó dé, ni mo bá ní kó gbé ààrò rẹ̀ lọ síwájú ilé. Ìyá rẹ wò mí títí. Ó ní ṣé igi tí òun fọwọ́ ara òun gbìn lọ́dún tí òun wọlé mi ni kò ní í gbé èéfín òun mì mọ́, nítorí àjèjì tí kò kí òun rí. Mo ní ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé ààrò o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bu ọbẹ̀ fún mi bí ẹni ń bu oògùn. Ní ti fọ́tò, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ gidi, màá dúró síwájú igi, télọ̀ á yà mí, kí olówó lè mọ ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bàbá Téèpù ránṣẹ́ pé igi nìkan ni wọ́n fẹ́ rí. Àwọn kan ò mọ oore rárá.

Àfi bí ìjì yẹn ṣe fa gbòǹgbò igi náà tu lápá kan. Igi bá tẹ̀ sórí yàrá ìyá rẹ, ẹ̀ka kan lu páànù, ó yọ orí wọlé láti àjà bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Èmi tí mo mọ bí igi ṣe ń ṣubú, mo wò ó, mo mọ̀ pé ìjì kan sí i, orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ ni yóò sùn sí, ìyá rẹ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú ayùn mi, mo dé ìdí igi, ni mo bá rántí pé mo tẹ̀ka.

Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Bàbá Téèpù ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi igi wa hàn mí nínú rẹ̀. Igi náà dúró ṣánṣán níbẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, èmi náà dúró síwájú rẹ̀ nínú aṣọ gidi. Mo ní èyí tó wà nílé ti tẹ̀. Ó ní èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni òun mọ̀. Ó ní olówó ti fi igi yẹn wọ bàálù ná, gbogbo èéfín tí igi náà máa gbé mì fún ọgbọ̀n ọdún ló sì ti tú síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé tí a bá gé e, èéfín tó ti rú kò ní ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Mo rò ó títí. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé wa ti jẹ ẹran ara igi tán, àwa wá ń sùn sábẹ́ egungun rẹ̀. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í pé ṣé olówó náà ò lè wá sùn ní yàrá yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, kó fojú ara rẹ̀ rí igi rẹ̀, ìyá rẹ á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n mú nọ́ńbà kan láti oókan dé márùn-ún láti fi hàn bí inú mi ṣe dùn tó. Mo mú gbogbo rẹ̀, nítorí n kò mọ èyí tí wọ́n máa fún mi.

Mo délé, mo ròyìn. Ìyá rẹ bi mí pé tí igi bá pa òun, ṣé olówó á wọ bàálù wá síbi ìsìnkú. Mo ní ó ṣeé ṣe, ó kúkú fẹ́ràn bàálù. Kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ òní, mo gbọ́ tí ayùn ń dún lẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ ni. Mo sáré bọ́ síta, mo ní àdéhùn ńkọ́. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì sí mi lójú, ó ní kí n wò wọ́n dáadáa, ṣé èyí kankan nínú wọn ló wà nínú ìwé. Mo wò wọ́n. Kò sí.

Ṣùgbọ́n bó ṣe di ayùn mú, ọmọ mi! Káfíńtà wo ló lè dúró wo irú ìyẹn? Apá ilé ló ti ń gé e bọ̀, ohun tó lè mú kó wó lé gbogbo wa lórí. Mo jókòó sórí àpótí, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ìwé ní kí n má fọwọ́ kàn án, kò dárúkọ ẹnu. Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó bọ́ sápá oko. Mo ní kí télọ̀, tí ariwo ayùn ti pè jáde, gun òkè so okùn rẹ̀ mọ́ ọn, kí òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ máa fà á sọ́dọ̀ ara wọn. Ìyá rẹ ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ẹnu yìí nìkan ló kù tí n kò tíì tẹ̀ mọ́wèé. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, igi ké, ó yí díẹ̀, ó sì lọ gbalaja sínú oko. Kò kan búlọ́ọ̀kù ilé kan.

Gbogbo wa pariwo ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni oòrùn bọ́ lé wa lórí. Òjìji tó bò wá láti ogójì ọdún ti lọ. Yàrá ìyá rẹ ti di ààrò báyìí, ó ti kó àpótí aṣọ rẹ̀ wá sí yàrá mi, apá ògiri tó tutù ló sì gbà. Ó ti ki kóró máńgòrò méjì bọlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tún mú téèpù wá, òun á fi wọ̀n ọ́n lọ́rùn.

Jọ̀ọ́, fi owó páànù mẹ́ta àti ìṣó ránṣẹ́, kí o sì fi ti okùn télọ̀ tó já sí i. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yín fẹ́ wọ bàálù lọ ṣèpàdé lórí ooru. Ṣé ẹ ò lè ṣe é nínú ooru ni? Ààyè wà níbí. Tí ọ́fíìsì Bàbá Téèpù bá pè ọ́ gẹ́gẹ́ bí àrólé mi, sọ fún wọn pé bàbá rẹ kò fọwọ́ kan ayùn.

Kí ìjì máa gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ kọjá láìbéèrè orúkọ rẹ. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ má fi òjìji rẹ ra ìgbádùn. Kí o dàgbà dé ibi tí wọn á ti máa gbé àga fún ọ.

Èmi ni, bàbá rẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ. Ìbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti bó.