Àpò Iyẹ̀pẹ̀ Tí Ẹ Rán Fún Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí, bí orúnkún mi ọ̀tún kò tilẹ̀ tíì ṣeé tẹ̀ dáadáa. Mo kí Àǹtí Bọ́lá àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ọmọṣẹ́ yín tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín, Màmá Àgbà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa ká wọn lára ju bó ṣe máa ká yín lára lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ pè mí ní aláìmoore lórí fóònù. Ẹ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló gba ẹ̀mí mi là ní Dùgbẹ̀, pé ẹ ti pa adìyẹ fún un, pé wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé èmi nìkan ni kò tíì lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n ti ń lù mí, gbogbo ayé ló wò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé kà á. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni n ó máa pè é.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kí n máa ya fọ́tò ìlú tó fẹ̀ tó ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Èèyàn á gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á yà á, á yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, á tún yà á, títí ojú kámẹ́rà á fi yí ìlú ká. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Bí atẹ́gùn bá mi igi náà, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gé lára àrán pupa tí Bàbá fi sílẹ̀ lọ, tí ẹ rán an ní àpò, tí a bu iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilé wa kún un, kí n máa so ó kọ́ sábẹ́ kámẹ́rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀. Òun ló fi okùn dúdú di ẹnu àpò náà, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò sí iyẹ̀pẹ̀ n'Íbàdàn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gun orí ilé alájà mẹ́ta kan ní Dùgbẹ̀. Oòrùn mú gan-an, mo fi aṣọ dúdú borí kí n lè rí ojú kámẹ́rà, mo sì ń ka iye tí mo ti yà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò mọ̀ pé nísàlẹ̀, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ti ń ké pé òun ò rí ọmọ òun. Ẹnì kan gbójú sókè. Ó rí ẹni tó fi aṣọ dúdú borí, tí àpò pupa ń fì níwájú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, tó ń kọjú nǹkan sí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pariwo gbọ́mọgbọ́mọ. Màmá, ká sọ pé èmi ni mo wà nísàlẹ̀, bóyá èmi náà ì bá pariwo.

Ìró ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Mo yọ káàdì tí àwọn fọ́tò wà nínú rẹ̀, mo jù ú sábẹ́ ahọ́n. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é, iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lẹ́wù ni. Ẹ̀ṣẹ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ yọ fi kí mi. Wọ́n fi igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi lù mí lórúnkún, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Wọ́n fi irun wọ́ mi nílẹ̀, wọ́n fa bùláòsì mi ya, wọ́n sọ kámẹ́rà mi sílẹ̀ láti òkè. Wọ́n gbé àpò yín sókè, wọ́n ní ẹ wá wo oògùn owó, wọ́n ní eérú ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀. Mo ń pariwo pé iyẹ̀pẹ̀ ni, pé ìyá mi ló rán an, ṣùgbọ́n káàdì wà lẹ́nu mi, ẹ̀jẹ̀ sì kún un, ohun tó ń jáde kò jọ ọ̀rọ̀ èèyàn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti ń pe ọfọ̀. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tó ń ta fóònù ní Dùgbẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá, inú mi dùn! Mo ní mo ti bọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì jáde ketekete. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dání bi í pé ṣé ó mọ̀ mí. Ó wo àpò náà. Ó wo okùn dúdú tí òun fúnra rẹ̀ so. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe wá mọ orúkọ rẹ̀, ó ní bóyá èṣù ló sọ fún mi. Nígbà tó rí i pé wọn ò tíì gbà á gbọ́, ó gba pákó lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi là mí lẹ́nu. Eyín iwájú mi méjì bá a lọ. Nínú fídíò, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn.

Wọ́n wọ́ mi sọ̀kalẹ̀, orí mi ń gbá àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Táyà ti wà nílẹ̀ dè mí. Bẹntiróòlù kan ojú mi, ó ń ta mí bí ata. Ìyá arúgbó kan ló la àárín èrò kọjá wá, nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, láìwọ bàtà. Ìyá náà gba àpò, ó fi eyín já okùn rẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, Màmá! Ó da ìyókù sórí aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ oògùn, kó pa òun níṣojú gbogbo wọn, kí wọ́n máa kà á lọ dé ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n tó kà á dé àádọ́ta, ẹnì kan kígbe pé wọ́n ti rí ọmọ náà níbi tó sùn sí lẹ́yìn káńtà ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé bẹntiróòlù dání rọra dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Nígbà tí Àǹtí Bọ́lá wá wò mí nílé ìwòsàn, ẹnu mi wú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kí ẹnu wíwú náà tó wálẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ti sọ tirẹ̀ fún yín: pé òun wà nísọ̀ fóònù òun, òun gbọ́ ariwo, òun ò mọ̀ pé èmi ni, ìgbà tí òun rí ojú mi ni òun já mi gbà. Ta ni yóò gba tèmi gbọ́, èmi tí orí mi ti fọ́? Wọ́n dá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Òjò ń rọ̀ ní Agbowó, mo dá wà nínú yàrá, mò ń fi ahọ́n wá eyín tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá sáré níta, jìnnìjìnnì á bò mí.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ìlọrin. Inú ọkọ̀ ni mo ti tú káàdì tí wọ́n yọ lábẹ́ ahọ́n mi nílé ìwòsàn wò, tí mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí mo ń so fọ́tò Dùgbẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń rìn nígbà tí kámẹ́rà ń yí máa ń hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iṣẹ́ wa ni láti pa àwọn yòókù rẹ́, kó ku ẹyọ kan. Mo rí ọkùnrin kan tó hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fà á súnmọ́ ojú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ìsọ̀ fóònù, ó ń wo òkè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti wà láàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń juwọ́ sí mi, eyín rẹ̀ funfun nínú ẹ̀rín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé tí mo wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, ó ń bọ̀ wá kí mi. Kò tíì sẹ́ni tó pariwo nígbà yẹn, ó ti rí àpò pupa yẹn, ó sì ti mọ̀ pé èmi ni. Mo bú sẹ́kún, awakọ̀ ní láti dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀rù ló bà á, Màmá, mo mọ̀. Bó bá ní òun mọ̀ mí, bóyá táyà méjì ni wọn ì bá gbé wá. Mo lè dárí ẹ̀rù ji èèyàn. Pákó yẹn pàápàá, bó pẹ́ bó yá, mo lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, tó tún wá jókòó jẹ adìyẹ ọpẹ́! Adìyẹ yẹn ń dùn mí ju eyín lọ.

Mi ò pa á rẹ́. Bí mo ṣe rí i lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ṣe fi í sílẹ̀, ọ́fíìsì kan ní Onírèké ti gbé fọ́tò náà kọ́ ògiri, wọn ò fura. Ẹ̀dà tiyín ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ yín, ẹ pe Màmá Àgbà, ẹ jọ wo ọwọ́ òsì, nísàlẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín á san, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ku ohun kan. Àrán pupa ṣì kù nínú àpótí Bàbá. Ẹ bá mi rán àpò mìíràn, pupa náà ni kó jẹ́, mi ò ní torí ẹnikẹ́ni sá fún aṣọ bàbá mi. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilé wa kún un. Bó bá wá ku dídì, ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín síwájú gbogbo ẹbí, ẹ fún un ní okùn, ẹ bi í ní ohun tó wà nínú àpò náà. Bó bá ti lè sọ pé iyẹ̀pẹ̀ ni, kó dì í. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó sọ ọ́, n ó wálé wá kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísí.