Oyè tó kú mọ́ ọ̀gá yín lórí

Bàbá mi,

Èmi ni. Síkírá, ọmọ Múfú ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ ò rán mi nílé ìwé. N ò bínú.

Mo ń rántí bí ẹ ṣe máa ń fi eérú nu síbí láràárọ̀ ní àgbàlá wa ní Ajégúnlẹ̀, bí ẹni pé ilé òyìnbó ọ̀gá yín ní GRA Àpápá lẹ ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó máa nu síbí, ẹ ó máa ka ìdílé òyìnbó náà bí ẹni ń ki oríkì. Ẹni àkọ́kọ́ jagun lórí omi, ọba wọn fi í jẹ Lọ́ọ̀dù Házúmù, ó sì fún un ní ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ta ìdajì ilẹ̀ náà nídìí eré ẹṣin. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kú sógun Hítílà, oyè bọ́ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ọ̀gá yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń dúró.

Ọmọ kan ló bí, obìnrin, obìnrin kì í sì í jẹ oyè wọn. Nígbà tí a gbọ́ pé ọ̀gá yín kú nílùú wọn, tí oyè náà kú mọ́ ọn lórí, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ọmọ wà nílé, oyè ń kú! Lọ́dọ̀ tiwa, bí kò bá sí ọkùnrin, ọmọ tí obìnrin bí á jẹ ẹ́. Èmi lẹ ń wò nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, àbí síbí?

Kò pẹ́ tí ẹ fi lọ sílé lọ jẹ Jagun. Jagun kì í gbé ẹ̀yìn odi. Nígbà tí mo tún máa rí yín, erùpẹ̀ ni mo rí. Wọ́n ti sin yín kí ọkọ̀ mi tó dé.

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn ará ilé wá. Wọ́n ní kí Múfú wá jẹ Jagun. Tírélà ló ń wà ní Liverpool Road ní Àpápá, òun nìkan ló kù mí kù. Mo ní rárá. Wọ́n bẹ̀ mí títí. Àgbà tó ṣáájú wọn ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ti di òyìnbó ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa lọ. Múfú jókòó síbẹ̀. Ta ni í gba ẹnu ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Wọ́n ti gbé fìlà oyè náà sórí àjà. Kò sí ẹlòmíì tó tọ́ sí.

Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí, kì í ṣe Múfú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bu eérú lówùúrọ̀ kó tó lọ sí Àpápá. Síbí yín ló ń nù. Ó ń ka àwọn Jagun ilé wa fún Síkírá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti dórí orúkọ yín, á dúró níbẹ̀.

Èmi náà á wà nínú yàrá, n ò ní jáde títí á fi lọ.

Ọmọ yín, tí kò ní bàbá méjì.