Àwọn Ọmọ Ogun Yín Ṣì Ń Dàgbà Nínú Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọdún kan ti pé tí a sin yín sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkirè, síbẹ̀ ẹ ṣì ń bímọ. Inú eegun mi lẹ ń bí wọn sí.

Ẹ rántí mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n fà lára yín sí mi lára nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀. Ó ti ta gbòǹgbò lára mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin ló ń ṣàn nínú èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín níwájú dókítà. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rù tó bà mí.

Dókítà ti là á yé mi. Sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ọmọ ogun ara kì í dédé gbọ́n. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú eegun ló ń ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ náà á kanlẹ̀kùn lára rẹ̀, á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé àárín gbùngbùn, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń mọ ohun tí òun máa dà. Ẹ̀yin ni mo rántí, bí ẹ ṣe máa ń ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n sáàárín àwọn tútù tí ẹ rà ní Àpòmù, tí ẹ ó da àpò bò wọ́n. Tó bá di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn á ti gbọ́.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ ogun náà kọ́ bí wọn kò ṣe ní bá onílé jà. Àwọn tiyín ti bá mi jà rí. Àpá rẹ̀ dúdú lára mi, kò ju àtàǹpàkò lọ, bí ibi tí ẹ máa ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó ti rọ̀ tó fún dòdò. Ta ló ń tẹ̀ mí wò, Màámi?

Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni? Nígbà tí ikọ́ tó pa yín dé bá yín, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ yín, torí ara mi kò tíì lágbára. Ojú fèrèsé yàrá yín ni mo dúró sí níta títí ẹ fi lọ. Ẹ gbọ́wọ́ sókè sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ ń pè mí ni, àbí ẹ ń lé mi sẹ́yìn? Ó yẹ kí n wọlé. N kò wọlé, ó sì ń dùn mí.

Títí di àná, oògùn kan ló ń dí àwọn ọmọ ogun yín létí, kí iṣẹ́ ìjà má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Dókítà ní kí n dá a dúró, torí ibà lásán lè pa mí bí wọ́n bá ń sùn báyìí. Mo ti lo ìkẹyìn. Bí wọ́n bá jí tí wọ́n mọ̀ mí, mo yè. Bí wọn kò bá mọ̀ mí, ẹ̀yin náà lẹ máa pa mí.

Láàárọ̀ yìí, mo rí àmì tuntun ní ọrùn ọwọ́ mi. Ó gbóná. Mo gbé àtàǹpàkò lé e, ó ṣe rẹ́gí.

Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín láti ojú fèrèsé.