Nọ́ńbà Ara Ìbọn Delbert

41, Òpópónà Sheridan,
Tulsa, Oklahoma,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Àǹtí Mórẹ́nikẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó ti wá yé mi! Nọ́ńbà tí wọ́n ń lù sára ìbọn ìléwọ́ àtijọ́, ọjọ́ ìbí ìbọn ni. Ayọ̀ yìí ló jẹ́ kí n gbàgbé ìkíni, ẹ má bínú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Bọ̀dá Àjàní àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ẹ bá mi fi gègé pupa yín tún lẹ́tà yìí ṣe o. Yorùbá mi ṣì ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá Haskell ló ń kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ ìbọn wò fáwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Òwe wọn níbí ni, "Ra ìbọn, má ra ìtàn," ìyẹn ni pé ohun tí ìbọn fúnra rẹ̀ bá fi hàn ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe ìtàn ẹni tó gbé e wá. Láìpẹ́ yìí, Bàbá Vernon gbé ìbọn ìléwọ́ kan wá. Ó ní ti Delbert ẹ̀gbọ́n òun ni, tó kú sójú ogun ní Ítálì lọ́dún 1944. Ó fẹ́ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wọn, kí wọ́n kọ orúkọ Delbert sí i. Delbert kò bímọ. Ibi tí orúkọ rẹ̀ máa kù sí nìyẹn.

Mo fi awò wo nọ́ńbà náà. Ká ní ẹnì kan ti ha á nù tó lu òmíràn lé e, ojú irin á jìn. Eléyìí tẹ́jú, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ojúlówó ni. Mo bá wo ọdún tí nọ́ńbà náà bọ́ sí. Àǹtí, ara mi bù máṣọ! 1945 ni wọ́n rọ ìbọn náà. Delbert ti kú kí wọ́n tó rọ ọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, bàbá yìí parọ́ fún wa!"

Ọ̀gá ní, "Fẹ̀sọ̀ o, adájọ́ àgbà! Pè é ná, kó sọ bí ìbọn náà ṣe délé wọn."

Mo pè é, n kò sọ ohun tí mo rí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lòun nígbà tí Eubanks, ọ̀rẹ́ Delbert lójú ogun, wá kí wọn lẹ́yìn tí ogun parí. Ìyá wọn ń sunkún pé kò sóhun kan tí ọmọ òun fọwọ́ kàn tó padà wálé. Eubanks jáde síbi ẹrù rẹ̀, ó wọlé padà, ó gbé ìbọn lé ìyá náà lẹ́sẹ̀: "Màmá, ti Delbert rèé." Abẹ́ ìrọ̀rí ni ìyá ń gbé e sí títí ó fi kú.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá ṣí fìlà. "Ìbọn tara Eubanks ló fún ìyá yẹn," ló wí jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àmọ́ irú irọ́ báyìí ńkọ́? Ọ̀gá ní a ò lè fọwọ́ sí i pé ti Delbert ni, àti pé èmi tí mo ka nọ́ńbà náà ni kí n sọ ọ́ nígbà tí Bàbá Vernon bá wá gbé e lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń túfọ̀ fún àgbàlagbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí bàbá yìí má baà pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,
Ìbídàpọ̀.