Àwòrán Lọ́ńdọ̀nù Lára Ògiri Ìyá Wa

Ìwàrò-Ọ̀kà,
Oṣù Kẹwàá, 1956

Zachariah, àbúrò mi,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń san díẹ̀díẹ̀, kòkó sì so dáadáa.

Àwòrán ààfin ọba àti ilé aago gíga tí o fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ìyá wa ní kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí n di àwọn mú dé iwájú rẹ̀.

Wọ́n bi mí pé, "Bridget, inú èwo nínú ilé wọ̀nyí ni Zachariah ń sùn?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n tún ní, "Òun gan-an ńkọ́? Ojú rẹ̀ dà nínú àwòrán yìí?"

Àbúrò mi, ìyá wa sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la sin wọ́n sí.

Jọ̀wọ́, dúró níwájú ilé aago náà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ, kí Bàbá rí ojú rẹ. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, á sì jẹ́ kí o bá Bàbá láàyè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bridget