Àga Tí Ìrì Kò Sẹ̀ Sí

Ìdẹ̀raolúwa, mo ti lọ síbi iṣẹ́ ṣíìfù mi ní Etobicoke.

Gbogbo àga tí a tò sẹ́yìnkùlé fún ìgbéyàwó rẹ ló tutù rinrin fún ìrì láàárọ̀ yìí, àfi àga ìyá rẹ tí o ní kí n gbé wọlé, pé kò sẹ́ni tó máa jókòó lé e, ṣùgbọ́n tí mo fi sílẹ̀ níta. Mo fọwọ́ bà á. Ó gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Onílé kì í dúró de ìpè. O ò fẹ́ abọ́ àlòdànù, abọ́ ìyá rẹ olóògbé lo kó síta. Ìró rẹ̀ lo fi bo tábìlì. Ta ló sọ fún un pé o ń ṣègbéyàwó?

Bu omi tútù sídìí àga yẹn, kí o fẹnu ara rẹ sọ fún un pé o ń lọ sílé ọkọ. Yorùbá ni o! Bí o bá gbọ́ àmín lẹ́yìn rẹ, má wẹ̀yìn. Èmi wẹ̀yìn láàárọ̀, kò sì sẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ